Ojú àtijọ́ nínú òjò dídì

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ilé tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní òkè òkun ṣọ̀wọ́n láàárín wa, bí ọdún Noẹ́lì bá sì ti kọjá báyìí, fọ́tò a máa rọ̀ bí òjò sórí tẹlifóònù wa.

Àbúrò wa kan, ọmọ àbúrò bàbá wa, ń gbé ní Strasbourg, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Nígbà ìsinmi Noẹ́lì tí ó kọjá, ó fi fọ́tò mẹ́tàlélógún ránṣẹ́ sí gbogbo ìdílé lórí WhatsApp. Kì í ṣe tẹlifóònù ni ó fi yà wọ́n. Ojú àpáràì bàbá rẹ̀ ni ó lò, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní objectif, tí olóògbé náà gbé bọ̀ láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní 1987. Àwọn àgbà kò ní gbàgbé pé láti 1974 títí di 1989, nígbà tí ìjọba wa ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí ni ó lọ kàwé lọ́hùn-ún. Ẹlòmíràn gbé ìwé ẹ̀rí bọ̀, ẹlòmíràn gbé ìyàwó bọ̀. Bàbá yìí gbé àpáràì Zenit bọ̀.

Helios-44-2 ni orúkọ ojú náà. Ní Krasnogorsk, lẹ́bàá Moscow, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ara Biotar tí ilé iṣẹ́ Carl Zeiss ṣe ní Jena, ní Jámánì, ni wọ́n ti wò ó ṣe. Àpáràì fúnra rẹ̀ ti kú tipẹ́, aṣọ dúdú inú rẹ̀ ti ya. Ojú rẹ̀ kò kú, nítorí pé irin àti dígí nìkan ni. Kò sí iná mànàmáná kankan nínú rẹ̀ tí ìbá jó. Àbúrò wa ra òrùka irin kan tí inú rẹ̀ ṣófo, ó yí ojú náà wọ̀ ọ́ bí ẹni ń dé ìgò, ó sì so ó mọ́ àpáràì tuntun. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń yí òrùka ojú náà títí ohun tí ó ń wò yóò fi mọ́ kedere. Àpáràì kì í bá a ṣe é.

A kò ní purọ́, àwọn fọ́tò náà dára. Ó ya ọjà Noẹ́lì Strasbourg, èyí tí wọ́n ti ń ná láti 1570. Ó ya ọmọdé kan tí ó ń jẹ búrẹ́dì olóyin níwájú igi ńlá ní Place Kléber: ojú ọmọ náà mọ́ rekete, gbogbo iná ẹ̀yìn rẹ̀ sì di rìbìtì rìbìtì, wọ́n ń yí po bí omi tí ń pòyì nínú odò. Iṣẹ́ Helios nìyẹn bí a bá ṣí ihò rẹ̀ gbayawu, nítorí rẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ òde òní ṣe ń wá a kiri.

Fọ́tò òjò dídì ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹnì kan kọ̀wé pé: «Ṣé eérú ni wọ́n dà sórí òkè yẹn ni?» Òótọ́ ni, òjò dídì náà dúdú bí eérú. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà níbẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ gbà pé ayé kò funfun, kò sì dúdú. Bí ó bá rí ibi tí ó funfun balau, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Bí ẹ̀rọ bá ní 1/1000, kí ọmọ yín fi í sí 1/500, tàbí 1/250 pàápàá, òjò dídì yóò sì padà funfun. Bí ó bá sì ń ti inú òtútù bọ̀ wọ ilé tí ó gbóná, kí ó dé àpáràì pa sínú àpò títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí omi má baà sẹ̀ sára dígí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ó mú wa kọ̀wé. Nígbà tí a gbé tẹlifóònù lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kétu, ìyá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára. Ó wo ṣọ́ọ̀ṣì, ó wo iná, ó wo òkè. Nígbà tí ó dé òpin, ó bi wá pé: «Ọmọ mi dà?»

Ọmọ náà kò sí nínú ọ̀kankan. Ọdún mẹ́fà ni ìyá kò ti fojú kàn án. A pè é ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá gbé e fún ẹlòmíràn, wọn kò mọ̀ ọ́n yí. Kùrukùru ni gbogbo rẹ̀ máa ń dà.»

A rántí bàbá rẹ̀. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, bí òun náà bá fẹ́ wà nínú fọ́tò, a máa fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, a fi igi fa ìlà síbi tí òun yóò dúró sí, a yí òrùka sí nọ́ńbà rẹ̀, a wá gbé àpáràì lé wa lọ́wọ́ pé: «Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ibí yìí nìkan ni kí o tẹ̀.» Ọgbọ́n náà kò tíì gbó. Bí òrùka bá wà ní mítà 3, tí ihò sì ṣí gbayawu sí 2, ibi tí yóò mọ́ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá dín ihò kù sí 8, láti nǹkan bí mítà 2,5 títí dé 3,8 ni yóò mọ́. Ẹni tí kò di àpáràì mú rí lè tẹ̀ ẹ́.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Mont Sainte-Odile, òkè kan tí kò jìnnà sí ìlú náà. Odile Mímọ́ yìí ni ìtàn sọ pé a bí ní afọ́jú, tí ojú rẹ̀ là níbi ìrìbọmi. Òun ni àwọn tí ojú ń dùn ń ké pè, 13 oṣù Kejìlá sì ni ọjọ́ rẹ̀. Arìnrìn-àjò kan ni ó bá àbúrò wa tẹ àpáràì. A ní kí ó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, nítorí pé WhatsApp a máa fún fọ́tò mọ́ra kí ó lè yára rìn, a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Ìyá mú un lọ́wọ́ pẹ́. Ó ní ọmọ náà ti rù, pé kí ló dé tí kò dé fìlà nínú òtútù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí fọ́tò padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ a máa kọ ibi àti ọjọ́ sẹ́yìn gbogbo fọ́tò tí ó bá yà. Ó na bíìkì sí wa, ó ní kí a kọ ọ́ gàdàgbà, kí òun lè rí i kà.