Gíga Ọkọ̀ Kọ́ ni Agbára Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní ilẹ̀ òkèèrè fi ara balẹ̀ gbé yẹ̀ wò, pàápàá jùlọ àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ìlú Bouaké ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ọ̀rọ̀ náà ni ti gbígbé ọkọ̀ ga kúrò nílẹ̀ kí ó lè gba ọ̀nà búburú kọjá. Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń gbé iṣu àti kajú bọ̀ láti oko ni ó tún ń gbé ìyá àti ọmọ lọ sí ọjà. Bí ó bá dojú dé, kì í ṣe irin nìkan ni ó bàjẹ́.

Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti mọ ọ̀nà ilẹ̀ náà. Bouaké wà ní nǹkan bí 350 kìlómítà sí àríwá Àbíjàn. Ọdún 1912 ni ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀, àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí àwọn ará Èjìgbò pọ̀ gidigidi nínú wọn, sì ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà láti ìgbà pípẹ́ wá. Ọ̀nà ọlọ́dà so ìlú náà pọ̀ mọ́ Yamoussoukro ní gúúsù àti Katiola ní àríwá. Ṣùgbọ́n bí a bá yà kúrò lórí ọ̀dà sí àwọn abúlé Baoulé tí irè oko ti ń wá, ilẹ̀ pupa ni a óò bá. Ní ìgbà òjò, ọ̀gbàrá a máa gbẹ́ ojú ọ̀nà di kòtò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀nà kan náà a máa le gbagidi, a sì rí ṣágiṣàgi bí páànù òrùlé. Nítorí náà, ẹni tí ó ní Hilux tàbí Land Cruiser tí ó sì fẹ́ gbé e ga kò ṣe ohun tí kò nídìí. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, ọ̀nà wo ni kí ó gbà gbé e?

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni kí a fi búlọ́ọ̀kù sí àárín ṣáásì àti bọ́dì. Bọ́dì yóò ga, àyè yóò sì wà fún táyà ńlá, ṣùgbọ́n ṣáásì àti gbogbo ohun tí ó so mọ́ ọn nísàlẹ̀ kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Òkúta tí ó ha wọ́n lánàá yóò tún ha wọ́n lónìí. Èkejì ni sípésà, èyí tí í ṣe òrùka irin tàbí ti ike líle tí a ń fi sí orí sípíríǹgì iwájú, tàbí búlọ́ọ̀kù irin tí a ń fi sí àárín ásíìlì ẹ̀yìn àti sípíríǹgì pẹlẹbẹ. Ẹ̀kẹta ni kí a fi ewé irin kan kún àwọn tí ó ti wà nínú sípíríǹgì ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹrin ni kí a pààrọ̀ sípíríǹgì iwájú àti ti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí a ṣe láti bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀.

Sípésà ni ó ń fa ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ra, nítorí pé owó rẹ̀ kéré, kì í sì pẹ́ kí a tó wọ̀ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ mọ òfin tí Robert Hooke, ará Ìlú Ọba, tẹ̀ jáde ní ọdún 1678: bí ẹrù tí ó wà lórí sípíríǹgì bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni sípíríǹgì náà yóò ti wọlé tó. Bí àpò kajú kan bá tẹ sípíríǹgì wọlé ní 2 sẹ̀ǹtímítà kí a tó fi sípésà sí i, 2 sẹ̀ǹtímítà náà ni yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ ga, agbára rẹ̀ kò fi kílò kan pọ̀ sí i. Síwájú sí i, ọ̀pá tí ń yí táyà iwájú yóò máa tẹ̀ ju bí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ti fẹ́ lọ, oríkèé rẹ̀ yóò sì tètè jẹ. Búlọ́ọ̀kù gíga lẹ́yìn a máa jẹ́ kí ásíìlì lọ́ ewé irin nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ẹni tí ó bá to búlọ́ọ̀kù méjì lé ara wọn, tàbí tí ó fi í sí abẹ́ sípíríǹgì iwájú, ń fi ẹ̀mí ènìyàn ta tẹ́tẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí pé kò sí sípíríǹgì tí ó lè gbé àpótí jíà tí ó wà láàárín ásíìlì ẹ̀yìn ga kúrò nílẹ̀. Táyà nìkan ni ó lè ṣe èyí. Bí ọkọ̀ bá sì ti ń ga sí i ni ó ń yá a lára láti dojú dé ní ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀, pàápàá bí a bá tún di ẹrù sí orí rẹ̀. Rọ́bà bíréèkì lè kúrú jù, iná iwájú yóò sì máa tàn sí ojú ẹni tí ń bọ̀. Ní Ọsirélíà, níbi tí irú iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀, ìjọba kò gbà kí ènìyàn gbé ọkọ̀ ga bí ó ti wù ú. Bí ó bá kọjá ìwọ̀n kan, ó di dandan kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé gíga ni ó ń ṣẹ́gun ọ̀nà, kí ó wo ìtàn ilẹ̀ Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀. Ìdíje ọkọ̀ Bandama bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1969, ó sì wà lára ìdíje àgbáyé láti 1978 títí di 1992. Ní 1978, Peugeot 504 ni Jean-Pierre Nicolas fi gba ipò kìíní. Pijó 504 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, tí àwọn àgbà wa sì mọ̀ dáradára. Kì í ṣe jíìpù. Iyì rẹ̀ ni sípíríǹgì tí ó lè nà jìnnà, tí ó sì lè wọlé jìnnà, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí kì í jẹ́ kí táyà fò kúrò lójú ọ̀nà.

Èrò tèmi ni pé ẹrù ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n, kí a tó wọn gíga. Kí ni ọkọ̀ yìí ń gbé lójoojúmọ́? Ẹni tí ń kó ènìyàn àti irè oko, kí ó ra sípíríǹgì tí a ṣe fún ìwọ̀n ẹrù rẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí ó bá a mu, kí ó má sì gbé ọkọ̀ ju nǹkan bí 5 sẹ̀ǹtímítà lọ. Kí ó má ra èyí tí ó le jù, nítorí ọkọ̀ òfìfo yóò máa fò lórí rẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ewé irin kan lẹ́yìn lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí kì í ru ẹrù, tí ó kàn fẹ́ kí iwájú tí ó tẹ̀ díẹ̀ bá ẹ̀yìn dọ́gba, a lè gba sípésà tínínrín fún un. Ẹni tí kò sì ní owó rárá, kí ó fi gíga ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì tí ó ti kú, kí ó sì dín ẹrù kù. Mo mọ̀ pé ojúlówó wọ́n ju sípésà lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè sọ iye tí ẹ̀mí èrò kan jẹ́?

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin olùkọ́ àti gbogbo ẹni tí ìlọsíwájú ilẹ̀ wa jẹ lógún. Èdè àjèjì ni a fi kọ ìlànà tí ó wà nínú páálí àwọn irin wọ̀nyí. Ọmọ iṣẹ́ wa mọ bí a ti ń tú bóòtù. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ bí kò bá mọ ìdí tí a fi ń tú u. Ẹ kọ òfin Hooke ní Yorùbá tí ọmọ iṣẹ́ lè kà lábẹ́ igi ní Bouaké, ní Èjìgbò àti ní Ìbàdàn. Ẹ fún àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní orúkọ tí yóò yé e. Òmìnira kì í ṣe ti àsíá nìkan: ẹni tí ó ń ra irin tí kò mọ iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún un.