Ẹ Má Da Àpótí Bàbá Nù

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní London, pàápàá ẹ̀yin tí òbí yín ti ń dàgbà, ẹ fetí sí mi.

Bàbá kan kú ní àdúgbò wa ní Peckham. Wọ́n sin ín tán, wọ́n jẹ, wọ́n jó. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ ń palẹ̀ ilé mọ́ kí wọ́n lè dá kọ́kọ́rọ́ padà fún káńsù. Mo ń kọjá lọ ni mo rí àpótí onírin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pàǹtí, ó ṣí sílẹ̀. Lẹ́tà ló kún inú rẹ̀, èyí aláwọ̀ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń ká pọ̀ láìlo àpò ìwé. Fọ́tò kan wà lórí wọn: bàbá náà nígbà èwe, kóòtù dúdú lọ́rùn, ó gbé ọwọ́ lé rédíò ńlá kan. Ẹ̀yìn fọ́tò ló ti kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé ara òun le, òtútù kò mú òun. Irọ́ funfun! Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà, ọkọ̀ tó ń kólẹ̀ ti dé.

Ẹ wo ohun tí ìwé tí a tọ́jú ń ṣe fún wa. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní London ní 1925. Àwọn onílé ò fẹ́ gba dúdú sílé, ni ẹgbẹ́ bá ṣí ilé tiwọn ní Camden Town ní 1933. Bí a ṣe mọ púpọ̀ nínú èyí kò ṣẹ̀yìn ìwé tí Ṣólàńkẹ́ fi sílẹ̀, tó wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Èkó. Ẹ ò rí nǹkan? Ìtàn London, Akọka ní Èkó la ti ń lọ kà á.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń da ìwé nù. Ní 2010, wọ́n run káàdì tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ti erékùṣù Caribbean wọ̀lú sí. Nígbà tó fi máa di 2018, gbogbo ayé ti gbọ́ pé wọ́n ń ní kí àwọn arúgbó tó ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré mú ẹ̀rí ọdọọdún wá. Àwọn kan pàdánù iṣẹ́, wọ́n lé àwọn mìíràn kúrò nílùú.

Ìtàn tiwa tó lè sọnù náà ń bẹ. Láti nǹkan bí 1955, ọ̀pọ̀ òbí láti Nàìjíríà tó ń kàwé tó tún ń ṣiṣẹ́ gbé ọmọ wọn fún òyìnbó wò. Kí ló wà lọ́kàn ìyá tó gbé ọmọ oṣù mẹ́ta sílẹ̀? Inú lẹ́tà nìkan la ti lè rí i.

Ẹ má sọ pé bàbá yín kì í ṣe gbajúmọ̀. Ìwé gbajúmọ̀ ti pọ̀ nílẹ̀. Ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì ló ṣọ̀wọ́n: ìwé àjọ, rìsíìtì owó ilé, ètò ìsìn ìsọmọlórúkọ. Black Cultural Archives ní Brixton, tí Len Garrison àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1981, irú rẹ̀ ni wọ́n ń kó pamọ́. George Padmore Institute náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Káńsù Lambeth àti ti Southwark náà ní ibi ìkó ìwé ìtàn tiwọn. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó gbé ẹrù lọ, kí ẹ sì lọ kà nínú ohun tó wà níbẹ̀ náà. Bí àṣírí ẹni tó wà láàyè bá wà nínú lẹ́tà, ẹ sọ fún wọn, wọ́n lè tì í pa fún ọdún púpọ̀.

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ohun tó ya. Ẹ má kọ bírò sẹ́yìn fọ́tò, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì béèrè orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò nísinsìnyí.

Èmi àti màmá mi ṣì ń jiyàn lórí obìnrin kan tó wé gèlè nínú fọ́tò 1966. Wọ́n ní Ìyá Túndé ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní rárá o, àbúrò Ìyá Túndé ni. Mo ti kọ méjèèjì sẹ́yìn rẹ̀.