Ìtọ̀ Tó Ń Ta Aláboyún Kì Í Ṣe Ẹjọ́ Àgbèrè

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àgbà Ìlá Ọ̀ràngún. Èmi nọ́ọ̀sì yín ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ tòní dé òpin.

Aláboyún oṣù márùn-ún kan wá bá mi. Ìtọ̀ ń ta á, ẹ̀yìn ń dùn ún, ara rẹ̀ sì gbóná. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń yọ́ kápúsù mu, méjì lónìí, méjì lọ́tunla. Mo ní kí ló dé tí kò tètè wá. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí ìyá ọkọ òun má lọ sọ pé àtọ̀sí ni, pé òun ń ṣe ìṣekúṣe.

Ẹ̀yin ìyá mi, àtọ̀sí kọ́. E. coli ni orúkọ kòkòrò tó sábà máa ń fa àrùn yìí, inú ìfun gbogbo wa ló sì ń gbé. Bí oyún bá ṣe ń dàgbà, ilé ọmọ a máa tẹ ọ̀nà ìtọ̀, ìtọ̀ ò ní í ṣàn dáadáa mọ́, kòkòrò á sì ráyè. Aláboyún mìíràn tilẹ̀ ní in láì mọ̀ ọ́n lára. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè dé kíndìnrín, ó sì lè mú kí ọmọ wá kí oṣù tó pé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: kápúsù kò ṣiṣẹ́ bíi tàtijọ́ mọ́. Ní 2009, àwọn olùwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ àbájáde jáde lórí E. coli inú ìtọ̀ àwọn aláìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni àwọn oògùn tí a ń rà káàkiri kò ràn. Bí ẹni ṣán èèsún láì hú gbòǹgbò ni kápúsù méjì-méjì rí. Kòkòrò tó rọ̀ á kú, èyí tó le á ṣẹ́kù, òun náà ni yóò sì máa pọ̀ sí i. Tetracycline, pupa-àti-yẹ́lò yẹn, tún lè ba eyín ọmọ inú jẹ́.

Kí ni ká ṣe? Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ aláboyún wò. Wọ́n á gbin kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n á dán oògùn wò lórí rẹ̀, wọ́n á sì mọ èyí tó ràn án. Ó lè gba bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aláboyún tó ní kòkòrò yìí láì mọ̀ ọ́n lára lo oògùn fún ọjọ́ 7. Bí ara bá yá lọ́jọ́ kẹta, kó má ṣe dá a dúró.

Mo mọ̀ pé àyẹ̀wò yìí wọ́n ju kápúsù lọ. Ṣùgbọ́n à ń dá owó aṣọ ẹbí ìkómọ. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò aláboyún, kí ọmọ tí a fẹ́ kó jáde lè wà láyé.

Obìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kápúsù tó ń mu kò ran kòkòrò ara rẹ̀ rárá. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi wò ó nílé ìwòsàn. Ó bí tibi-tire. Ìtìjú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, àwa àgbà la sì lè mú ìtìjú yẹn kúrò.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ire o.