Kẹ̀kẹ́ Ológeere Kì í Ṣe Àmì Òṣì

Ṣé ẹ rántí January 2012? Ìjọba gbé owó epo láti ₦65 sí ₦141, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 9 títí di ọjọ́ 16. Mọ́tò dọ̀wọ́n, ẹsẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn fi rìn nínú ọyẹ́.

Òtútù ti New York sì le ju ọyẹ́ wa lọ. Ní December 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ìlú níbẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn gun kẹ̀kẹ́ kọjá lórí afárá Brooklyn lọ síbi iṣẹ́ wọn.

Níbí ńkọ́? Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní nǹkan ò lọ fún un. Mọ́tò nìkan ni wọ́n ń jẹ́rìí sí! Bàbá yín tó ṣe tíṣà láyé ọjọ́sí, ṣé kì í ṣe Raleigh ló ń gùn tó fi rán yín níwèé?

Mo mọ̀ pé òkè pọ̀ ní Èkìtì. Níbi tó bá ga jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ tì í.

Àwọn awakọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Kí ìjọba fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí wọ́n bá tún ń ṣe, ẹ̀mí èèyàn ni.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, a ti ya igun kan sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, ṣéènì wà níbẹ̀. Ẹ gbé tiyín wá ní Sọ́ńdè.