Ẹ Yé Fi Dídán Ra Ṣéènì

Ohun tá a fẹ́ sọ kò gùn: ní Festac àti Amuwo-Odofin, ẹni tó bá ra ṣéènì àti nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ torí pé wọ́n ń dán, ewu ló fowó ara rẹ̀ rà. Kẹ̀kẹ́ tá à ń wí yìí kì í ṣe Màrúwá o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí à ń fẹsẹ̀ wà, tí kò ní jíà, tó jẹ́ pé ṣéènì kan ṣoṣo ló so eyín iwájú pọ̀ mọ́ eyín ẹ̀yìn. A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín: "Nítorí nọ́ọ̀tì lẹ ṣe jókòó kọ àròkọ?" Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí nọ́ọ̀tì ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tá à ń gbé. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ Festac de àwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn èèyàn dúdú lọ́dún 1977. Wọ́n la títì rẹ̀ gbòòrò, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò sí òkè tó máa mú èèyàn sọ̀ kalẹ̀ kó máa ti kẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹ́ńtírò ti lọ, owó ọkọ̀ ti ń jẹ owó oúnjẹ mọ́ wa lọ́wọ́. Lọ́jọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina. Fún ọ̀dọ́ tó ń gbé ní 21 Road tàbí 5th Avenue, kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó máa gbé e dé ìdí ọkọ̀ ojú irin yẹn. Kì í ṣe ohun ìṣeré mọ́. Ohun tó ń gbéni lọ síbi iṣẹ́ ni.

Àmọ́ tí kẹ̀kẹ́ bá ti jáde ní First Gate, ojú títì Badagry ló bọ́ sí. Níbẹ̀ ni dánfó, Màrúwá àti àwọn tírélà tó ń lọ sí Tin Can àti Apapa ti jọ ń du ọ̀nà. Ṣéènì tó yọ nínú close, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ṣéènì tó yọ níwájú tírélà ní Mile 2, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Omi ló sì yí wa ká. Ọ̀sà kò jìnnà sí wa, òkun ń wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ sì wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti ibẹ̀. Tí òjò bá dé, gọ́tà á kún, àwọn close kan á di odò, kẹ̀kẹ́ á sì la omi yẹn kọjá. Omi àti afẹ́fẹ́ ló jọ ń jẹ irin. Tí iyọ̀ bá dá sí i, jíjẹ náà á yára. Ohun tá à ń sọ nìyẹn nígbà tá a bá ní irin ti dógùn-ún, òun náà ni Bíbélì Yorùbá pè ní ìpáàrà. Ṣéènì tí wọ́n kàn fi ọ́ìlì pa dúdú lè tọ́jọ́ nílẹ̀ gbígbẹ bíi Kánò. Níbí, kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni dídán? Aṣọ lásán ni. Ohun tó ń dán lára ọ̀pọ̀ ṣéènì ni níkẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo irin lójú. Níkẹ́ẹ̀lì dáa, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tó bá ti ha, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, irin á sì máa jẹ níbi tí ojú ò tó. Síńkì yàtọ̀. Òun ni wọ́n fi ń bo páánù orí ilé wa, ó sì máa ń fi ara rẹ̀ jìn: òun ni ìpáàrà máa kọ́kọ́ jẹ kó tó kan irin. Kì í sábà dán tó kúróòmù, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọjá lára rẹ̀ lọ́jà bí ẹni tí kò rí i.

Èyí tó tún wá le jù ni pé ara ṣéènì kọ́ ni ẹ̀mí ṣéènì wà. Inú àwọn píìnì kéékèèké tó so awẹ́ kan mọ́ èkejì ló wà. Níbẹ̀, irin ń ha irin ní gbogbo ìgbà tá a bá tẹ pẹ́dálì, kò sì sí ohun tí wọ́n kùn tó lè pẹ́ níbẹ̀. Ọ́ìlì ló ń gbà á là. Tí mẹkáníìkì bá ní "ṣéènì yìí ti fà", irin ò fà bíi rọ́bà o; àwọn píìnì àti ihò wọn ló ti jẹ. Ṣéènì lè máa dán yanran lóde kí inú rẹ̀ ti jẹ tán.

Ọ̀rọ̀ ṣéènì ò sì ṣeé yà kúrò lára ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì. Kẹ̀kẹ́ oníjíà ní apá kan tí sípíríǹgì ń fà, tó máa ń bá ṣéènì tó bá dẹ̀ fún un le. Tiwa ò ní. Nọ́ọ̀tì méjì tó wà ní wíìlì ẹ̀yìn ló ń mú kí ṣéènì le. Tó bá dẹ̀, a ó tú nọ́ọ̀tì, a ó fa wíìlì sẹ́yìn, a ó tún un dì. Tí nọ́ọ̀tì bá wá dógùn-ún débi pé sípánà ń yọ̀ lára rẹ̀, wíìlì ò ní ṣeé fà mọ́. Ṣéènì á máa jó, ọjọ́ kan á yọ. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ń ti Jámánì àti Netherlands wá, ẹ̀yìn la máa ń tẹ pẹ́dálì sí kí wọ́n tó dúró. Inú wíìlì ẹ̀yìn ni bíréèkì yẹn wà, ṣéènì ló sì ń gbé agbára ẹsẹ̀ wa débẹ̀. Tí ṣéènì bá yọ, bíréèkì bá a lọ. Ẹni tó ń sọ pé "nọ́ọ̀tì lásán" kò tíì rò ó débẹ̀.

Báwo la ṣe máa yàn? Ṣéènì kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà sábà máa ń jẹ́ 1/2 × 1/8: ìdajì íńṣì láti píìnì kan sí èkejì, ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì ní fífẹ̀ inú. Èyí tó tín-ín-rín, 3/32, kò ní jókòó lórí eyín tó nípọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù bá yín lù ú wọlé. Ẹ wá èyí tí wọ́n bo awẹ́ inú àti awẹ́ òde rẹ̀, torí àwọn kan ń bo òde nìkan kí ojú oníbàárà lè rí i. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe èyí tó wà fún ìpáàrà ní pàtó. KMC ti Taiwan ń pe tiwọn ní EPT. Ẹ fọwọ́ ká awẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó yí wẹ́rẹ́, kó má gan. Tí ṣéènì tuntun bá ti ń pọ́n nínú páálí, ẹ dá a padà fún wọn. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin.

Tẹ́ ẹ bá ti lò ó díẹ̀, rúlà ilé ìwé ti tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé òdo sí àárín píìnì kan. Àárín píìnì mìíràn gbọ́dọ̀ bọ́ sórí 12 íńṣì gẹ́lẹ́. Tó bá fi 1/16 íńṣì kọjá, ó ti tó pààrọ̀. Tó bá fi 1/8 kọjá, àfàìmọ̀ kó má ti jẹ eyín náà, owó méjì sì nìyẹn.

Ní ti nọ́ọ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù. Wọ́n á ní sítéńlẹ̀ẹ̀sì ni. Ẹ mú òòfà kékeré dání lọ, kódà kó jẹ́ èyí tẹ́ ẹ tú lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́. Sítéńlẹ̀ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní A2 tàbí A4 kì í sábà lẹ̀ mọ́ òòfà dáadáa, A4 ló sì ń fara da iyọ̀ jù. Èyí tí òòfà bá gbá mú gbàgì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé irin tí wọ́n kùn ni.

Ẹ yẹ tírẹ́ẹ̀dì wò pẹ̀lú, ìyẹn ìlà tó yí inú nọ́ọ̀tì ká. Ọ̀pá tó gba àárín wíìlì ẹ̀yìn kọjá sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 10, mìlímítà 1 ló sì wà láàárín ìlà kan sí èkejì. Nọ́ọ̀tì mìlímítà 10 tó wọ́pọ̀ nídìí àwọn tó ń ta bọ́ọ̀tì, 1.5 tàbí 1.25 ni tiẹ̀. Á wọlé díẹ̀, á sì gan. Ẹni tó bá fi sípánà fipá mú un, ó ti ba ọ̀pá jẹ́. Raleigh àtijọ́ tí bàbá wa gùn, íńṣì ni wọ́n fi wọn tiẹ̀. Nítorí náà, nọ́ọ̀tì ti tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú lọ sọ́jà, kó sì jẹ́ pé ọwọ́ lásán lẹ máa fi yí tuntun wọlé kó tó kan sípánà. Nọ́ọ̀tì onídérí tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ẹ ṣọ́ra fún un: tí ọ̀pá bá gùn, orí rẹ̀ á kan ìdérí kí nọ́ọ̀tì tó di nǹkan kan mú. Kódà tó bá jẹ́ sítéńlẹ̀ẹ̀sì, ẹ fi gírísì díẹ̀ sí tírẹ́ẹ̀dì, torí ọ̀pá tó wọ inú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ sítéńlẹ̀ẹ̀sì.

Wọ́n á ní, "Owó dà?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ṣéènì olówó pọ́ọ́kú lẹ́ẹ̀mẹta, tó tún san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti san ju owó èyí tó dáa lọ. Ìtọ́jú pàápàá kò wọ́n: àkísà, kẹrosíìnì díẹ̀ láti fọ ìdọ̀tí, àti ẹ̀kán ọ́ìlì máṣíìnì lórí píìnì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ má fi ọ́ìlì tí wọ́n dà nù nínú ẹ́ńjìnì mọ́tò sí i. Eruku irin kún inú rẹ̀, ńṣe lẹ fẹ́ fi yanrìn lọ ṣéènì.

Owó nìkan kọ́ ló ń dà wá láàmú ṣá. Ojú tá a fi ń wo kẹ̀kẹ́ ni. Ẹni tó lọ ra páàtì mọ́tò ní ASPAMDA, ní Trade Fair, á bèèrè bóyá ojúlówó ni, á yí i sọ́tùn-ún sósì, á bá wọn fà á. Tó bá di ti kẹ̀kẹ́, "ẹ fún mi ní èyíkéyìí, màá mánéèjì ẹ̀." Bí ẹni pé ẹ̀mí ẹni tó wà nínú mọ́tò wúwo ju ti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lọ! Ohun tí oníbàárà bá ń bèèrè ni ọlọ́jà ń kó wá. Tá ò bá bèèrè ju dídán lọ, dídán ni wọ́n á máa tà fún wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Festac, Agboju, Alakija àti Satellite, nígbà tẹ́ ẹ bá tún dé ìdí ọlọ́jà, ẹ bi í: kí ni wọ́n fi bo ó? Ṣé wọ́n bo inú? Tírẹ́ẹ̀dì mélòó ni? Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ yọ òòfà àti nọ́ọ̀tì àtijọ́ yín jáde. Tó bá bínú, ẹ lọ sí ìsọ̀ kejì.