Ẹ Má Fọ́ Tábìlì Snooker, Líìgì Ni Kí Ẹ Fún Wa

Ní Àjàó Estate tí mò ń gbé, ohùn méjì ni mo máa ń gbọ́ nípa snooker. Ohùn kìíní ni ti àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ tó ní eré àwọn ọmọ ìsáǹsá ni, kí wọ́n fọ́ gbogbo tábìlì náà kí àdúgbò lè sinmi. Ohùn kejì ni ti àwọn ọ̀dọ́ tó ní eré lásán ni, kí àwọn àgbà fi àwọn sílẹ̀. Èmi kò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé tábìlì kọ́ ni ìṣòro wa, àìsí ètò ni. Bí a bá fún eré yìí ní líìgì tó ní ọjọ́, tó ní òfin, tó sì ní rẹfirí, ohun tí a ń pè ní ìsáǹsá lónìí lè di ẹ̀kọ́ lọ́la.

Ọmọbìnrin ni mí, ọmọ ọdún 16 ni mí, mo sì fẹ́ràn eré yìí. Orí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni mo ti ń wò ó, nítorí kò sí ibi tí mo ti lè gbá a. Àwọn tábìlì tó wà lágbègbè wa, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ta paraga ni wọ́n wà, tàbí iwájú ilé ọtí. Ọmọbìnrin tó bá dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, orúkọ tí wọn yóò pè é kò ní jẹ́ èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Reanne Evans, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti gba ife àgbáyé àwọn obìnrin nínú snooker lẹ́ẹ̀méjìlá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní snooker ládùúgbò kì í ṣe snooker, púùlù ni: tábìlì kékeré, bọ́ọ̀lù 15 tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, àti funfun kan tí a fi ń gbá àwọn yòókù. Tábìlì snooker gan-an gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Bọ́ọ̀lù 22 ló wà lórí rẹ̀: pupa 15, aláwọ̀ mìíràn 6, àti funfun kan. Pupa kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì 1. Àwọn aláwọ̀ yòókù bẹ̀rẹ̀ láti orí yẹ́lò tó jẹ́ àmì 2, títí dé orí dúdú tó jẹ́ 7. Bí o bá gbá pupa wọ ihò, aláwọ̀ kan ló kàn, wọn yóò sì dá aláwọ̀ náà padà sáyè rẹ̀ títí pupa yóò fi tán. Ẹni tó bá gbá dúdú tẹ̀lé pupa kọ̀ọ̀kan, tó sì wá kó aláwọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílẹ̀, yóò gba àmì 147. Ìṣirò rẹ̀ kò le: 8 lọ́nà 15 jẹ́ 120, àwọn aláwọ̀ mẹ́fà jẹ́ 27. Olùkọ́ ìṣirò wo ló máa rí eré yìí tí kò ní fẹ́ kí a gbá a?

Kì í sì í ṣe eré àwọn tí kò níṣẹ́. Ronnie O'Sullivan di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní ọdún 1992, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16 bíi tèmi. Kí ó tó pé ọdún 18, ó ti gba ife UK Championship ti 1993, lẹ́yìn náà, ó di àṣẹ́gun àgbáyé lẹ́ẹ̀méje. Ní 2025, Zhao Xintong láti Ṣáínà di ọmọ Éṣíà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé. Áfíríkà náà kò gbẹ́yìn: Perrie Mans, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gba ife Masters ní 1979.

Ohun tó wù mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni líìgì. Ní 1987, ilé iṣẹ́ Matchroom tí Barry Hearn dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ líìgì kan fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Òun ló wá di Premier League Snooker, ó sì wà títí di 2012. Nínú ìdíje snooker tó wọ́pọ̀, ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan yóò di ẹrù rẹ̀, ó di ilé. Líìgì kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdún náà, olúkúlùkù ló ń bá olúkúlùkù pàdé, èèyàn méjì sì lè gbá ọ̀mì. Nígbà tó yá, wọ́n fi aago sí i: ìṣẹ́jú àáyá 25 péré ni ẹni tó wà nídìí tábìlì ní láti gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. O'Sullivan gba ife líìgì yìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Oríire alẹ́ ọjọ́ kan kọ́ ló fi gbà á. Ẹni tí yóò gba ife líìgì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n gbá lọ́sẹ̀ yìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tí WAEC ń béèrè lọ́wọ́ wa gan-an nìyẹn.

Ẹ wá wo ti àdúgbò wa. Ẹni tó bá pàdánù ló máa san owó tábìlì. Láìpẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n fi nǹkan díẹ̀ lé e. Ẹni tó pàdánù 500 náírà á fẹ́ gbà á padà, á fi 1,000 lélẹ̀. Ọmọ kíláàsì wa kan fi owó lẹ́sìn oṣù kan ta á báyìí, owó náà sì ti lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Bẹ́ẹ̀, òfin kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ta tẹ́tẹ́. Ibi tí kò bá ti sí rẹfirí, ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù ni rẹfirí. Ibi tí kò bá ti sí ọjọ́ ìparí, ìgbà tí owó bá tán lápò ni eré ń parí.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ṣé ẹ ti rí i? Ẹ fọ́ tábìlì náà.” Mo ní rárá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tẹ́tẹ́ ti wọ àárín àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pàápàá. Ní 2013, wọ́n fòfin de Stephen Lee fún ọdún 12 nítorí màgòmágó nínú èsì eré. Ní 2023, wọ́n fìyà jẹ eléré 10 láti Ṣáínà lórí ọ̀rọ̀ màgòmágó àti tẹ́tẹ́. Méjì nínú wọn, Liang Wenbo àti Li Hang, ni wọ́n lé kúrò nínú eré náà títí ayé. Ṣùgbọ́n wọn kò fọ́ tábìlì kankan. Ní Sheffield, níbi tí wọ́n ti ń gbá ìdíje àgbáyé láti 1977, eré ń lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ ni wọ́n bá wí, nítorí ètò wà tó lè bá a wí. Ta ló lè bá ẹnikẹ́ni wí nídìí tábìlì tó wà níwájú ilé ọtí?

Àwa Yorùbá kò ṣàì mọ̀ bí a ṣe ń fún eré ní ètò. Ayò ọlọ́pọ́n ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48. Gbangba abẹ́ igi ni wọ́n ti ń ta á, lójú àwọn àgbà, gbogbo èèyàn sì mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀ta àti ẹni tó jẹ́ òpè. Ẹ má sì jẹ́ kí a lọ jìnnà. Ní Òṣòdì tó wà nítòsí wa níbí, Tunde Onakoya àti ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa, tó dá sílẹ̀ ní 2018, lọ kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ afárá ní chess. Àwọn ọmọ tí gbogbo wa ń sá fún jókòó, wọ́n ń ronú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Onakoya ta chess fún wákàtí 60 ní New York láti wá owó ẹ̀kọ́ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí chess bá lè ṣe èyí lábẹ́ afárá, kí ló dé tí snooker kò lè ṣe é nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé?

Àbá mi rèé. Kí ilé ìwé mẹ́jọ ní Àjàó Estate àti àyíká rẹ̀ kó ẹgbẹ́ jọ, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá àwọn yòókù pàdé lẹ́ẹ̀kan. Ìdíje 28 nìyẹn, mẹ́rin lọ́sẹ̀, yóò sì parí ní ọ̀sẹ̀ méje, kí ìdánwò tó dé. Àárọ̀ Sátidé ni kí ó máa wáyé, kí olùkọ́ kan àti òbí méjì máa wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi kọ́bọ̀ kan ta á, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù àmì. Ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì láàárín ọ̀sẹ̀, kó má fọwọ́ kan ọ̀pá lọ́jọ́ Sátidé.

Wọ́n lè ní kò sí owó. Èmi kò béèrè tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12. Tábìlì púùlù kékeré méjì tó láti fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò àti àwọn ilé ìwé bá dá owó jọ. Wọ́n tún lè ní yóò dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé kò tó nǹkan kan lára wákàtí tí àwọn ọmọkùnrin wa ń lò nídìí tábìlì lálẹ́, níbi tí ojú ẹ̀yin àgbà kò tó. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má fọ́ tábìlì. Ẹ̀yin tó ni tábìlì, ẹ má gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ sójú pátákó, kí ẹ sì kọ ọjọ́ ìdíje àkọ́kọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá mú mi sínú ẹgbẹ́ ilé ìwé wa, mo ti ṣetán láti ṣe rẹfirí.