Ẹ Yéé Gé Orí Fíìmù Wa

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yéra: ẹni tó bá gé lógò iwájú fíìmù àtijọ́ kúrò kó tó gbé e sórí YouTube kò tún fíìmù náà ṣe. Ó bà á jẹ́ ni. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn fíìmù Yorùbá tí wọ́n ṣe ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn nìyẹn, lójú gbogbo wa. Ẹ wá díẹ̀ nínú wọn wò. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, lógò ìkànnì tó gbé e síbẹ̀ lẹ máa rí, pẹ̀lú "subscribe" tó ń dún gbàgà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fíìmù ńkọ́? Wọ́n ti yọ ọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ tà á ńkọ́? Wọ́n ti yọ òun náà.

"Ṣé nítorí lógò lásán lẹ ṣe ń pariwo?" Kì í ṣe lásán o. Ẹ rìn láti Ọjà'ba lọ sí Bẹẹrẹ, kẹ́ ẹ máa wo iwájú àwọn ilé àtijọ́. Ẹ óò rí èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ orúkọ onílé àti ọdún tó kọ́ ọ sí lára. Tí ọmọ-ọmọ bá wá pe bíríkìlà, tó ní kó rẹ́ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ilé ṣì wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ? Ìgbà wo ló kọ́ ọ? Bí àjèjì bá sì yà sí Bẹ́yẹrúnkà, wọ́n á bi í pé, "Ọmọ agboolé wo ni ẹ́?" Lógò ló ń bá fíìmù dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú Mainframe ti Túndé Kèlání. Orúkọ Yorùbá tí ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ́ ni Òpómúléró, ìyẹn òpó tó mú ilé ró. Àwọn ló ṣe Ti Olúwa Nilẹ̀ ní 1993, Kòṣeégbé ní 1995, Ó Le Kú ní 1997, Ṣaworoidẹ ní 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ní 2002. Ọ̀dọ̀ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn, ni ìtàn mẹ́rin tó kẹ́yìn yẹn ti wá. Tí ẹnì kan bá wá yọ Òpómúléró kúrò níwájú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe òpó ilé gan-an ló yọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti dùn nìyí. Fíìmù kan ṣoṣo lè ní orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Káàsẹ́ẹ̀tì VHS ló kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí VCD dé, ó lè jẹ́ mákẹ́tà mìíràn ló rà á, tó fi lógò tiẹ̀ síwájú. DVD dé, orí tún yí padà. VCD kan kò gbà ju bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, nítorí náà fíìmù wákàtí méjì gbọ́dọ̀ wà lórí àwo méjì, lógò a sì máa jáde lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìpolówó fíìmù tó ń bọ̀, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá ní ojú á ka ìtàn níbẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM dé Nàìjíríà. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà 0803 níwájú fíìmù tí wọ́n ṣe ní 1995, ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀dà tí wọ́n tún tẹ̀ ni. Tí àdírẹ́sì bá ní "Ado-Ekiti, Ondo State", ẹ rántí pé oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Àní àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń ṣe é. Cinderella jáde ní 1950, ilé ọba tí Disney fi ń ṣí fíìmù kò sì dé títí di 1985. Ẹ̀dà Cinderella tó bá fi ilé ọba yẹn bẹ̀rẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Àwọn èèyàn ń jókòó kó gbogbo irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ jọ. Ti wa la wá ń sọ dànù.

Nínú iṣẹ́ kóòdù tí à ń ṣe jẹun, Git ló ń tọ́jú ìtàn iṣẹ́: ta ló kọ ìlà yìí, ọjọ́ wo, kí ló yí padà. Tẹ́nì kan bá pa ìtàn yẹn rẹ́, kò sẹ́ni tó máa kí i kú iṣẹ́. Kí ló dé tá a fi ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí fíìmù?

Àwọn kan á ní dátà wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lórí VCD kò tó megabyte 2. "Subscribe" tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́, ṣé ọ̀fẹ́ nìyẹn?

Àwọn mìíràn á ní kò sẹ́ni tó ń wo lógò. Àwọn tó ń lọ ṣe ìnáwó ní Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, kì í dúró ka òpó iwájú rẹ̀. Ṣé ká wó àwọn òpó náà ni?

Èyí tó ní làákàyè díẹ̀ nínú wọn ni àwọn tó ní mákẹ́tà rẹ́ àwọn òṣèré jẹ, kí lórúkọ wọn ń wá níbẹ̀? Ọ̀rẹ́, tórí pé wọ́n rẹ́ èèyàn jẹ gan-an ló ṣe yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀rí ni. Lọ́jọ́ tí ọmọ òṣèré kan bá fẹ́ mọ ẹni tó ta iṣẹ́ bàbá òun, níbo ló máa wò? Òfin copyright Nàìjíríà ti 2022 fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n mọ iṣẹ́ mọ́ ọn lórúkọ. Ẹ̀tọ́ yẹn náà lẹ ń fi sísọ́ọ̀sì gé.

Ohun tá a ń fẹ́ ò pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fíìmù síta, ẹ fi lógò yín ṣáájú, ẹ má fi bo ti onílé. Ẹ má fa àwòrán VCD gbòòrò kó lè kún ojú fóònù. Orúkọ tó wà létí ni ẹ ń gé. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò: VHS ni àbí VCD, ta ló tẹ̀ ẹ́ jáde, ọdún wo ni wọ́n kọ sára páálí. Ẹ̀yin tí báágì káàsẹ́ẹ̀tì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá yín ní Màpó, ẹ má jù ú nù nítorí pé fíìmù náà ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè má ní orí.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń wó iwájú ilé, kí lẹ fẹ́ káwọn ọmọ wa wò?